Òṣùpá Ọjọ́ Kejì

Ìwé kan wà lọ́wọ́ Bàbá Aláago tí kì í fi han àlejò. Ìwé ẹlẹ́yìn dúdú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ ló ń ya òṣùpá sí. Ẹ má rò pé òṣùpá kan ṣoṣo ni o. Òṣùpá ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni: láti ọjọ́ kẹta tó bá lé, títí yóò fi kún tí yóò di àrànmọ́jú, títí yóò tún fi máa dín kù tí yóò ku tín-ín-rín láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi yà wọ́n. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ọjọ́, yóò kọ aago, yóò wá kọ gbólóhùn kan náà: Ojú mi ni mo fi rí i.

Ojú ìwé kan ló ṣófo nínú gbogbo wọn. Ti ọjọ́ kìn-ín-ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó ń rí i. Bàbá ti fa ìlà lé e. Ti ọjọ́ kejì ló wà nílẹ̀ gbayawu. Òṣùpá ọjọ́ kejì kì í pẹ́ lójú sánmà. Bí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, yóò yọ lápá ibi tí oòrùn wọ̀ sí, tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọ nù, kò sì ní pẹ́ tí òun náà yóò fi tẹ̀ lé oòrùn lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá láti gba aago wọn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko, bí òṣùpá ọjọ́ kejì bá ti ń yọjú lóde, oníbàárà ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Aláago kì í sì í fi oníbàárà sílẹ̀ dúró. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fẹ̀yìn tì lòun máa jókòó dè é.

Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Ni ojú bá ní òun náà ti fẹ̀yìn tì.

Àìsàn tó ń jẹ àárín ojú ni. Dókítà ní ti ọ̀tún ti parí, ti òsì ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè lo oṣù mẹ́ta sí i, ó lè lo mẹ́rin, kò sì sí gíláàsì tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó jókòó ti Bàbá nígbà tí dókítà ń sọ èyí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onígíláàsì, torí òun ló ń gé gíláàsì fún wọn tó ń tò ó sínú férémù. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹni tó fi ogún ọdún tún ojú ọmọ ọlọ́mọ ṣe, kò rí nǹkan kan ṣe sí ojú bàbá ara rẹ̀. Ó dùn ún débi pé ó jáde lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di àwàdà. Bó bá wo ojú èèyàn, yóò rí etí méjèèjì, yóò rí irun, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí imú wà, èéfín ló ń rí níbẹ̀. Òun, ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ púlọ́ńbà ni wọ́n jọ ń gbé, orí púlọ́ńbà yìí ló sì máa ń sọ àwàdà náà sí.

"Ọkọ ọmọ mi, imú rẹ tún ti jáde lọ lónìí o. Ṣé ó sọ ibi tó ń lọ?"

"Ó ní òun ń bọ̀, Bàbá."

"Sọ fún un kó má pẹ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ awò kò ṣe é fi ṣàwàdà. Awò awọ̀nàjíjìn ni mò ń wí, ọ̀pá gígùn tí Bàbá fi ń wo òṣùpá láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tó sọ ní Gbọọrọ bí ẹni sọ ọmọ lórúkọ. Gbọọrọ ní ojú méjì: ojú ńlá tó kọ sí sánmà, àti ojú kékeré tí èèyàn ń gbé ojú lé, tí kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Ojú kékeré yẹn, àárín ojú èèyàn gan-an ló ń bèèrè, ìyẹn ni Bàbá ò sì ní mọ́. Ó gbìyànjú títí. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, òkùnkùn ló rí. Lọ́jọ́ tó fi aṣọ bo Gbọọrọ tó gbé e ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kò jẹun alẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà imú.

Tẹlifíṣọ̀n ló la Ìyá Onígíláàsì lóye. Ó kíyè sí i pé Bàbá ṣì ń wo bọ́ọ̀lù. Yóò jókòó sún mọ́ ọn, yóò dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó ń wo àṣá, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú òsì mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ohun tó bá ti tóbi, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ṣì ń mú un. Obìnrin náà rò ó sókè, ó rò ó sísàlẹ̀. Tí òṣùpá bá lè wá sínú tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?

Kámẹ́rà kan wà nínú dúrọ́ọ̀ yàrá wọn láti ìgbà tí fóònù ò tíì máa ya fọ́tò tó dáa, kékeré pẹlẹbẹ, kò ju páálí ọṣẹ lọ. Ojú Bàbá ò lè jókòó sórí ojú Gbọọrọ mọ́. Ó yá, kí ojú kámẹ́rà bá a jókòó síbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe gan-an?" Bí púlọ́ńbà ṣe bi ìyàwó rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ ìsinmi, tó fẹ́ sinmi.

"Ẹ bá mi wá ohun tó máa so kámẹ́rà yìí mọ́ ojú kékeré Gbọọrọ. Kó má mì, kó má wọ́, kí ojú méjèèjì má sì fara kan ara wọn."

"Ṣé o mọ̀ pé páìpù omi ni iṣẹ́ mi?"

"Òun ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ ṣe bí ẹni pé omi ni ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kó jò."

Púlọ́ńbà rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ó gé páìpù funfun kan tí kò gùn ju ìka lọ, ó yá a lórí iná sítóòfù títí ó fi rọ̀, ó wé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú kékeré Gbọọrọ, ó sì ki páìpù náà bọ̀ ọ́ lórí, ó dì í mú títí ó fi tutù. Nígbà tó yọ ọ́, ó ti di fìlà tó ṣe rẹ́gí. Ó gé pátákó kékeré fún ìjókòó kámẹ́rà. Ihò kan tí wọ́n ń yí ìdè irin sí wà nídìí kámẹ́rà. Ibẹ̀ ló gbà dè é mọ́ pátákó, ó wá fi òrùka irin tí wọ́n fi ń fún ẹnu ọ̀pá omi de pátákó mọ́ páìpù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tan kámẹ́rà, ẹnu rẹ̀ yọ síta lójijì, díẹ̀ ló kù kó gún Gbọọrọ lójú.

"Yéè!" Ìyá Onígíláàsì ké, ó fọwọ́ bo ojú ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ gún.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," Bàbá sọ láti orí àga rẹ̀. "Ẹ rọra bá mi mú ọmọ mi."

Wọ́n sún pátákó sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n dojú Gbọọrọ kọ táǹkì omi kan tó wà lórí ilé gíga lókèèrè. Àwòrán tó kọ́kọ́ yọ sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, òbìrí kékeré kan ni láàárín òkùnkùn, bí ẹni ń wo ìta láti inú kànga. Ìyá Onígíláàsì tẹ bọ́tìnì tó ń fa àwòrán sún mọ́ni, òkùnkùn náà ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, táǹkì sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Ìka tó ń tẹ kámẹ́rà ń mì ín, ni wọ́n bá yí i sí ibi tí yóò ti ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì fúnra rẹ̀ kó tó yà. Púlọ́ńbà wá ṣí ìwé ìlò, ó kà á sókè.

"Wọ́n ní kí èèyàn yí i sí àmì òkè tí ohun tó fẹ́ yà bá jìnnà. Tó bá ti wà níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn nìkan ni á máa wò. Ṣé òṣùpá jìnnà tó?"

"Ó jìnnà ju ilé ẹ̀gbọ́n yín lọ."

"Háà, yí i síbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rántí so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n wo bí táǹkì yẹn ṣe rí. Bàbá ń wo bọ́ọ̀lù, ta ni yóò ní kó dìde?

Nígbà tí òṣùpá máa pé ọjọ́ kejì, Ìyá Onígíláàsì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní wákàtí kan ṣáájú. Ó gbé Gbọọrọ sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, níbi tí èèyàn ti ń rí ìwọ̀ oòrùn lórí òrùlé àwọn ilé òdìkejì. Sánmà mọ́. Oòrùn wọ̀, ojú ọ̀run pọ́n, ó rẹ̀ dòdò, òṣùpá sì yọ. Ó kéré débi pé ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé òun ló rí. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sórí irun, torí férémù máa ń kọlu ojú Gbọọrọ bí èèyàn bá fẹ́ wò ó, ó sì gbé ojú lé e. Ó yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn, títí etí òṣùpá fi mú bí abẹ. Ó yáa gbé kámẹ́rà bọ ojú Gbọọrọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó káwọ́ kúrò. Mọ́kànlá ló yà kí òṣùpá tó wọ̀. Ó gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà sún mọ́ imú, ó wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n dára. Ó fẹ́ jó.

Nísàlẹ̀, púlọ́ńbà ti fi okùn so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bàbá ti jókòó, ìwé dúdú wà lórí itan rẹ̀, ó ti ṣí i sí ojú ìwé kejì. Àwòrán yọ.

Ìyá Onígíláàsì fa gíláàsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sójú. Ohun tó dára lẹ́yìn kámẹ́rà tí kò ju páálí ọṣẹ lọ ti di nǹkan mìíràn lójú tẹlifíṣọ̀n. Òṣùpá náà wú bí òwú. Etí rẹ̀ ń yọ èéfín. Púlọ́ńbà la ẹnu, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó pa á dé.

Bàbá dorí kọ ẹ̀gbẹ́. "Ó dé!" ó ní. "Mo rí i. Ó tẹ̀ kọrọdọ, ó dákẹ́ síbẹ̀. Háà, ọmọ mi! Ẹ fún mi ní pẹ́ńsù."

Kò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Gbogbo ayé ló ń yọ èéfín lójú rẹ̀ láti bí ọdún kan; kò lè mọ̀ pé èéfín tibí yìí kì í ṣe tòun. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga, ó ń wo bó ṣe ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé. Ó rò ó pé, kí ló burú níbẹ̀? Inú rẹ̀ ń dùn. Oṣù kan gbáko ló kù kí òmíràn tó lé, oṣù mẹ́ta péré ni dókítà sì fún ojú náà. Ìkùukùu sì lè bo òmíràn náà. Kó yà á, kó pa ìwé dé, kó sùn. Ṣùgbọ́n láti ogún ọdún tó ti ń gé gíláàsì, kò tíì wí fún ẹnikẹ́ni rí pé "ẹ ń ríran dáadáa" nígbà tí onítọ̀hún ò ríran dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n wí. Bí pẹ́ńsù ṣe fẹ́ kan ìwé, ó di ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Kí ló dé?"

"Kò mọ́. Ó ṣe bàìbàì."

"Ojú mi ló ṣe bàìbàì, ìyẹn kì í ṣe tuntun."

"Ojú yín kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwòrán náà ni. Èmi ni mo bà á jẹ́ níbì kan, mi ò sì tíì mọ ibẹ̀."

Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀. "Èmi ti rí i báyìí, ó sì tó mi. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ta ló kọ́ mi pé aago tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún purọ́, òpùrọ́ ni?"

Bàbá fi pẹ́ńsù sáàárín ìwé, ó pa á dé. "Mo ti sọ̀rọ̀ jù láyé mi," ó ní, ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀.

"Ó bínú sí mi," Ìyá Onígíláàsì sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ojú ẹ̀ ló ń bínú sí. Ìwọ lo kàn dúró nítòsí."

Ọjọ́ mẹ́wàá ó lé ni Bàbá fi ń dáhùn ní "hẹ̀n-ẹ́n" àti "ó dáa." Ọmọ rẹ̀ sì ń wá àṣìṣe rẹ̀ kiri. Ó nu lẹ́ńsì, ó yẹ ìdè wò, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá páìpù náà wọ́. Púlọ́ńbà búra pé páìpù òun kì í wọ́.

Aránṣọ kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbínú, ó ju gíláàsì sórí tábìlì.

"Ìyá Onígíláàsì, ẹ gbowó lọ́wọ́ mi, ẹ fún mi ní ìdí ìgò! Ọkọ mi wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ní òun ò rí ìwé ìròyìn kà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ fi ń rí ojú abẹ́rẹ́ yín?"

"Mo ń rí i. Ṣùgbọ́n òun..."

"Ìyá, ojú yín ni mo gé e fún, mi ò gé e fún ojú bàbá. Ohun tó bá mọ́ kedere lójú yín, bàìbàì ló máa jẹ́ lójú ẹlòmíì tí ojú ẹ̀..."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há sí i lẹ́nu. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ló ti sọ gbólóhùn yẹn fún èèyàn nídìí tábìlì yẹn, kò sì fìgbà kan sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jíjìn. Gíláàsì tó nípọn ló ń bá a rí i. Òun ló sì bọ́ gíláàsì, tó yí Gbọọrọ títí òṣùpá fi mọ́ kedere fún ojú rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò dá, tó wá gbé e fún kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ le koko, tí wọ́n tún ti yí sí àmì òkè. Gíláàsì ara rẹ̀ ló ki bọ kámẹ́rà lójú. Ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ó lu orí ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aránṣọ rò pé òun ló ń fi rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ bínú lọ. Aṣọ ìnugíláàsì méjì lọ́fẹ̀ẹ́ ló fi tù ú nínú.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n tún dojú Gbọọrọ kọ táǹkì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó fi tipátipá gbé e ti ojú kékeré títí férémù fi tẹ̀ ẹ́ nímú, ó yí kókó, ó gbé kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Táǹkì náà yọ kedere. Púlọ́ńbà ka ìdè tó wà lára rẹ̀, méjìdínlógún.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ó ní. "Ìyàwó mi ti gé gíláàsì fún gbogbo àdúgbò, ó wá ku kámẹ́rà kan."

Láti ìdí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbọ́ tí Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ó sún mọ́ àwòrán náà, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ó tún yí i síwájú sí i.

"Táǹkì lẹ pè é, àbí? Mo gbà yín gbọ́." Ó yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Púlọ́ńbà, etí rẹ òsì náà ti tẹ̀ lé imú rẹ lọ o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Dókítà sọ oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú náà ò bá dókítà ṣàdéhùn.

Òṣùpá tún pé ọjọ́ kejì. Láti ọ̀sán ni Ìyá Onígíláàsì ti ń wo òkè, ohun tó rí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn: ìkùukùu kan tẹ́ gbalaja sí apá ìwọ̀ oòrùn. Púlọ́ńbà gbé tẹlifíṣọ̀n gun òkè, ó ń mí gúlegúle, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí Bàbá lè rí òṣùpá bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kó má jẹ́ fọ́tò nìkan. Bàbá jókòó síwájú rẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀, ìwé dúdú wà lórí itan.

Oòrùn wọ̀ sínú ìkùukùu. Wọ́n dúró. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láwọn fèrèsé òdìkejì. Ìyá Onígíláàsì ò gbé ojú kúrò lápá ìwọ̀ oòrùn.

"Bí ò bá yọ," Bàbá sọ wọ́ọ́rọ́wọ́, "má dá ara rẹ lẹ́bi. Ṣé o gbọ́? Mo bínú lọ́jọ́sí. Kò tọ́ kí n bínú. Ká ní mo ya ti bàìbàì yẹn ni, mi ò bá máa fi ìwé yìí pamọ́ fún ara mi."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa wò ná."

Àlàfo kan wà láàárín ìsàlẹ̀ ìkùukùu àti òrùlé òdìkejì, kò fẹ̀ ju ìbú ọwọ́ lọ. Inú rẹ̀ ni òṣùpá yọ sí. Ìyá Onígíláàsì rí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti gíláàsì mọ́ ojú kó má baà bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e ti Gbọọrọ, ó yí kókó. Díẹ̀ sí i. Ó padà díẹ̀. Ó dúró. "Kámẹ́rà!" Púlọ́ńbà gbé e lé e lọ́wọ́, fìlà páìpù wọlé, òrùka irin fún.

Òṣùpá ọjọ́ kejì jókòó sójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí èéfín. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, ó ń gbọ̀n díẹ̀ nínú ooru òrùlé, ara rẹ̀ tó kù tí oòrùn ò bà sì hàn fírífírí láwọ̀ eérú. Bàbá sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan tẹlifíṣọ̀n. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i, ó tún yí i, títí tó fi rí igun ojú kékeré kan tó ṣì ń bá a ṣiṣẹ́. Ìyá Onígíláàsì ń tẹ kámẹ́rà, ó ń káwọ́ kúrò, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Ṣóńṣó rẹ̀ tòkè já," Bàbá sọ lójijì.

"Kí ló já, Bàbá?"

"Ó já sí wẹ́wẹ́. Ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ẹ̀kẹta. Òkè ni wọ́n! Orí àwọn òkè ni oòrùn bà, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà nínú òkùnkùn."

Púlọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tó rí tóótòòtó wà lórí ṣóńṣó náà, wọn ò so mọ́ ara wọn, àwọn méjì tí ojú wọn pé ò sì rí i títí arúgbó fi wí. "Bàbá, ẹ̀rù yín ń bà mí," ó ní.

Òṣùpá dé òrùlé òdìkejì, ó rì, ó lọ. Wọ́n gbé èyí tó dáa jù nínú fọ́tò náà sójú tẹlifíṣọ̀n, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Yóò dorí kọ ẹ̀gbẹ́, yóò wò, yóò tẹ̀ ba ìwé, yóò fa ìlà tó gùn bí ìrẹsì, yóò tún gbé orí. Ọbẹ̀ tutù lórí sítóòfù, kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Nígbà tó yà á tán, ìlà náà gbọ̀n níbi méjì, ṣùgbọ́n òkè mẹ́ta wà níbi tí wọ́n wà.

Púlọ́ńbà ò lè mú ẹnu dúró. "Bàbá, ó jọ pé ó wọ́ díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀."

"Oṣù lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá tó o, kó lọ tún un ṣe." Bàbá na pẹ́ńsù sí i. Púlọ́ńbà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò gbà.

"Aago mélòó ló wọ̀?" Bàbá bèèrè.

"Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ó kọ ọjọ́. Ó kọ aago. Lẹ́tà tóbi, ó ń gun òkè lọ, torí ọwọ́ ló fi ń rántí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó wá kọ gbólóhùn ìsàlẹ̀. Ìyá Onígíláàsì ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré, díẹ̀ ló kù kó má kà á. Ṣùgbọ́n ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì tẹ̀ wò ó.

Ojú ọmọ mi ni mo fi rí i.

Ó fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò rí i kà. Ó bọ́ gíláàsì, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nu ojú, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ nù. Bàbá ò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ìró aago, etí rẹ̀ gbọ́ bí férémù ṣe ká.

"O ti bọ́ ọ?" ó ní. "Wọ̀ ọ́ padà, ọmọ mi. Gíláàsì yẹn, àwa méjèèjì la ni ín báyìí."